Orin Tó Wà Lábẹ́ Ohùn Alàgbà

Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé kí n dárí jì í, pé ó ti kú, pé a kì í bá òkú jà. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé n kò bá òkú jà, ìgbà tó wà láàyè ni mò ń bá a jà, ìjà náà ni kò tíì tán. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Alàgbà ìjọ wa ní Vai Town, ní Monrovia, gba kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí mo ní láyé lọ́wọ́ mi, ó sì pa orin inú rẹ̀ rẹ́ níṣojú mi. Mo gbẹ̀san. N kò ní díbọ́n pé mo kábàámọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ṣe kásẹ́ẹ̀tì náà fún mi. Kí ogun tó wọ Monrovia, ṣọ́ọ̀bù kan ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Randall Street, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àdàkọ orin láti inú kásẹ́ẹ̀tì kan sínú òmíràn. Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un, tí mo bá sì ti gbé e kalẹ̀, n kì í fẹ́ lọ. Mo máa ń jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ iṣẹ́ láìmọ̀ pé mo ń kọ́ ọ. Ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ eyín kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn sórí rẹ̀, àti bí olè ṣe lè fi púlásítà dí ihò tí eyín náà fi sílẹ̀ kó sì tún gba nǹkan sórí rẹ̀. Ó ṣí inú ẹ̀rọ hàn mí. Irin kékeré méjì ló wà níbẹ̀ tí téèpù ń gba ojú wọn kọjá: ọ̀kan ń nu ohùn àtijọ́ kúrò, èkejì ń kọ ohùn tuntun síbẹ̀. Ó ní bí mo bá fi bébà bo ojú èyí tó ń nu nǹkan, ohùn tuntun yóò kàn jókòó lé ti àtijọ́ lórí, àwọn méjèèjì á sì jọ máa dún. Ó máa ń fi ṣeré. Á gba ohùn ara rẹ̀ sórí orin àwọn olórin ńlá, á wá máa sọ fún àwọn oníbàárà pé òun náà bá wọn kọ ọ́.

Nígbà tí ìjà kọ́kọ́ wọ ìgboro, ọkọ̀ ojú omi kan wá kó àwa ọmọ Nàìjíríà padà sílé. Àbúrò ìyá wa, tó tọ́ wa dàgbà, tí àwa méjèèjì ń pè ní Màmá, ní òun ò lè fi ẹja gbígbẹ àti ọṣẹ tí òun ń tà sílẹ̀ fún olè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan náà ń dùn ún. Mo ní n kò ní fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lọ, ó ní òun á padà wá kó wa. Ó gbé rẹ́díò alákásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ki kásẹ́ẹ̀tì kan bọ inú rẹ̀, ó ní, "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba nǹkan kan sórí èyí o." Ó ti ṣẹ́ eyín méjèèjì. Láti ọjọ́ náà, a ò gbúròó rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ló ṣẹ́kù tí mo lè fọwọ́ kàn tí ọwọ́ rẹ̀ ti kàn.

Ẹ ṣe sùúrù kí n sọ irú orin tó wà nínú rẹ̀, torí mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n ń wò mí bíi pé orí mi dàrú. N kò mọ orúkọ àwọn olórin náà. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ sára bébà, òjò sì ti fọ bébà náà. Rọ́ọ̀kì ni, gìtá rẹ̀ ń ha bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n ìlù rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ìdí ẹni gbélẹ̀. Bí o bá ṣe ń rò pé o ti mọ ibi tó ń lọ ni tráńpẹ́ẹ̀tì kan máa yọ láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò pè é sí. Orin kan bẹ̀rẹ̀ bí orin ìsìn, dùùrù ń rọra sunkún, gbogbo wọn ń kọrin pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àfi lójijì tí ẹnì kan sín. Ó sín gan-an ni, bí ẹni tí ata bọ́ sí nímú. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọn ò sì yọ ẹ̀rín náà kúrò, orí rẹ̀ ni ìlù já bọ́ sí, ó bá di ijó. Òmíràn ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bíi régè títí dé àárín, ó wá gbéra, ó sáré débi pé àwọn tó ń kọ ọ́ ń mí gúlegúle. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó ń ka òǹkà nínú orin tó kẹ́yìn ojú kìíní. Gbogbo ìgbà ló ń fo mẹ́fà, àwọn ọkùnrin á sì máa pariwo tẹ̀ lé e pé mẹ́fà dà, mẹ́fà dà, òun ò sì dá wọn lóhùn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé wọn ò bẹ̀rù láti da ohun tí kò jọra pọ̀. Nílùú wa nígbà yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà ní ojú ọ̀nà: ẹ̀yà wo ni ẹ́? Wọ́n á ní kí o sọ èdè rẹ kí àwọn gbọ́, ìdáhùn rẹ sì lè pa ọ́. Àwọn olórin wọ̀nyí ń fò láti inú orin kan bọ́ sínú òmíràn bó ṣe wù wọ́n, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dúró. Tí mo bá ń gbọ́ wọn, ẹ̀rù kì í bà mí. Fún orin kan, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré, n kì í bẹ̀rù ohunkóhun.

Orin kan lójúmọ́ ni mo gbà fún ara mi, nítorí bátìrì. Iná ìlú ti kú láti ìbẹ̀rẹ̀ ogun. Bí bátìrì bá ti rẹ̀, a máa ń sá a sórí páànù nínú oòrùn bí ẹni ń sá ata, á tún ní agbára díẹ̀. Mo mọ bátìrì débi pé etí ni mo fi ń wọ̀n ọ́n: bó bá ti ń rẹ̀, téèpù á máa falẹ̀, ohùn ọmọbìnrin yẹn á wúwo, á di ohùn bàbá arúgbó. Màmá máa ń sọ pé orin wèrè ni. Ó máa ń sọ ọ́ nígbà tó bá ń ṣa òkúta nínú àlìkámà tí àwọn aláàánú ń pín fún wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò dùn ún á sì máa lu ilẹ̀.

Pásítọ̀ wa ti bá ọkọ̀ ojú omi yẹn lọ ní tirẹ̀, nítorí náà ọwọ́ alàgbà ni ìjọ bọ́ sí. Èèyàn ńlá ni, kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ nínú ooru Monrovia, ohùn rẹ̀ sì nípọn. Ohùn yẹn ni ọrọ̀ rẹ̀. Kò nílò gbohùngbohùn. Bó bá ní "Praise the Lord" lẹ́ẹ̀kan, páànù ilé ìjọ á dáhùn ṣáájú wa. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo ìwàásù rẹ̀ ló ń gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì máa gbé wọn káàkiri fún àwọn aláìsàn àti fún àwọn sójà Nàìjíríà tó wá pẹ̀tù sí ìjà, níbi tí wọ́n bá ń ṣọ́ ọ̀nà.

Ìgbà tó dé tí kò sí kásẹ́ẹ̀tì tuntun mọ́ ní gbogbo Monrovia, ó dá àṣà kan sílẹ̀. Ó pè é ní ìrìbọmi kásẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì orin ayé nílé kó gbé e wá síwájú pẹpẹ, kó kúnlẹ̀, kí alàgbà gbọ́wọ́ lé kásẹ́ẹ̀tì náà, kó fi púlásítà dí ihò ẹ̀yìn rẹ̀, kó sì gba ìwàásù sórí rẹ̀. Púlásítà ọ̀hún kì í wọ́n lápò àyà rẹ̀. Àwọn èèyàn gbé tiwọn wá pẹ̀lú omijé. Èmi ò gbé tèmi. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń ṣe "àmín" kíkan.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni alàgbà wá gbàdúrà fún ẹsẹ̀ Màmá. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mo ń gbọ́ orin òòjọ́ mi, n kò mọ̀ pé ó ti wọlé. Ibi tí ẹni yẹn ti sín nínú orin gan-an ló bá mi.

"Sister, wetin be dis one?"

Mo kúnlẹ̀. "Orin ni, sà."

"Orin ta ni?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi kó tó lọ."

"Wọ́n ń fi orin Ọlọ́run ṣẹ̀fẹ̀, o sì jókòó tì í!"

Màmá, tí mo ti gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu ilẹ̀ nínú pálọ̀ kí ọkùnrin náà tó dé, yọjú lójú ilẹ̀kùn. Ó ní, "Mo ti ń sọ fún un tipẹ́, sà. Kò gbọ́." N kò tíì gbàgbé ìyẹn náà.

"Ọmọ mi, Ọlọ́run nílò kásẹ́ẹ̀tì yìí."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, òun nìkan ni mo ní lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá òmíràn."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ náà á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò ní dún mọ́ nílé onígbàgbọ́ kankan, ní orúkọ Jésù."

Ó yọ púlásítà jáde lápò. Rẹ́díò ẹ̀gbọ́n mi náà ló lò, nínú pálọ̀ wa, lórí àga wa. Ó yí kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì méjèèjì pa pọ̀, ó sì kọjú sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí wàásù nípa orin ayé. Mo jókòó síwájú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo mọ kásẹ́ẹ̀tì yẹn bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi, nítorí náà mo mọ ohun tó ń pa ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ń sọ ìtàn aya Lọ́ọ̀tì, mo mọ̀ pé tráńpẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ló ń lọ yẹn. Nígbà tó nu ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti dé ibi ìsín. Nígbà tó ń gbàdúrà ìkẹyìn, ojú rẹ̀ dì, ọmọbìnrin yẹn ló ń ka òǹkà rẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn, mo sì ń bá a kà á lábẹ́ ètè. Ní "àmín" rẹ̀, bọ́tìnnì fò sókè fúnra rẹ̀. Ojú kìíní ti tán.

Ó ní òun á fi ojú kejì sílẹ̀ fún ẹ̀rí tí òun máa jẹ́ ní ọjọ́ Ìdúpẹ́. Ó ní ẹ̀rọ ìjọ ti bàjẹ́, Ọlọ́run nílò rẹ́díò náà pẹ̀lú. Nígbà tó rí bí mo ṣe ń pa á, tí mo ń ká wáyà rẹ̀, ó ní, "Ó dà bíi pé o mọ̀ ọ́n lò. Ìwọ ni wàá máa tọ́jú rẹ̀, ìwọ ni wàá sì máa bá mi tẹ̀ ẹ́." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Inú Màmá dùn pé wọ́n fún mi níṣẹ́ Olúwa. Adìẹ dà mí lóògùn nù, mo máa fọ́ ọ lẹ́yin, mo sì ti mọ ibi tó kó ẹyin rẹ̀ pamọ́ sí.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi múra. Àkọ́kọ́, mo gbọ́dọ̀ gba ojú kejì là, torí ìyókù orin mi ṣì wà níbẹ̀. Mo ṣa bébà fàdákà inú páálí sìgá kan lójú ọ̀nà, mo ká a ní ìlọ́po, mo sì fi ìwọ̀n èékánná rẹ̀ bo ojú irin tó ń nu ohùn. Èkejì ni bátìrì. Mo kó gbogbo èyí tó ti rẹ̀ jọ, mo gbìyànjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi etí wọ̀n wọ́n, títí mo fi rí mẹ́fà tí wọn ò kú, tí wọn ò sì yè. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí ti mọ ohun tí mò ń ṣe. Bí bátìrì bá rẹ̀ nígbà tí a ń gba ohùn, téèpù á máa wọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi bátìrì gidi gbé e síta ni téèpù á sáré, ohùn ẹni náà á sì sáré pẹ̀lú rẹ̀, á lọ sókè, á di ohùn òròmọdìẹ.

Lọ́jọ́ Ìdúpẹ́, mo gbé rẹ́díò síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ó wo iná pupa ara rẹ̀.

"Kí ló dé tí iná yìí ń ṣe bí ẹni ń sùn?"

"Oòrùn ló pa á lójú, sà."

Ẹ̀rí rẹ̀ ni bí àwọn oníbọn ṣe dá òun àti ìyàwó òun dúró lójú ọ̀nà nígbà tí ìjà kọ́kọ́ dé, tí wọ́n ti to àwọn tí wọ́n fẹ́ pa sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní òun là á mọ́lẹ̀ lórúkọ Jésù, ní ohùn àrá, ni ìbọn bá bọ́ lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ìjọ ké halelúyà. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ìlà kìíní, ó ń wo ìtẹ́lẹ̀ bàtà rẹ̀. Monrovia ni wọ́n ti bí obìnrin yẹn, ó gbọ́ èdè ibẹ̀ dáadáa, gbogbo Vai Town ló sì mọ̀ pé òun ló kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tó ń fi èdè àwọn ọmọkùnrin náà bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi ní kí wọ́n máa lọ. Ọkọ rẹ̀ ò lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹnu rẹ̀ kò là. Mo fi ọwọ́ di bọ́tìnnì mi mọ́lẹ̀ dáadáa, mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ wọlé pátápátá.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá sójà kan wá gba kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sí àgọ́ wọn. Ọmọ Ìbàdàn ni, Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ó máa ń wá jókòó tì wá lẹ́yìn ìsìn kó lè gbọ́ Yorùbá sétí, kì í sì í wá lọ́wọ́ òfo. Lọ́jọ́ náà, bátìrì mẹ́fà ló kó wá, tuntun, ọ̀rá ṣì wà lára wọn. Alàgbà ní kí ẹnikẹ́ni má lọ, kí gbogbo wa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó jókòó, ó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó di ojú rẹ̀ láti gbọ́ ara rẹ̀. Mo ki bátìrì bọ̀ ọ́. Mo dá téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì.

Ohùn kan jáde, tẹ́ẹ́rẹ́, kíákíá, ó ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ yin Olúwa!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Lábẹ́ rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ wá, gìtá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí ha ìkòkò rẹ̀. Ìlù dé. Ohùn náà ń sáré lórí rẹ̀, ó ń sọ nípa oníbọn, nípa ọwọ́ agbára Ọlọ́run. N kò ṣètò ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e, oríire mi ni. Bí òròmọdìẹ náà ṣe ní, "Mo là á mọ́lẹ̀ ní ohùn àrá!" ni tráńpẹ́ẹ̀tì bú jáde.

Ọ̀gá sójà di ìgbànú rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń lu itan. Obìnrin kan lẹ́yìn pariwo, "Ay, my people! Da Elder da?", pé ṣé alàgbà nìyẹn. Àwọn ọmọdé ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ijó ni wọ́n bọ́ sí tààrà láàárín àga, torí etí ọmọdé mọ ohun tó dára. Mo wo Màmá. Ó ti gbé èjìká méjì, ó sọ ọ́, kó tó rántí ibi tó wà. Ìyàwó alàgbà doríkodò sínú gèlè rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, gbogbo èèyàn sì rò pé ẹkún ni. Mo wo ojú alàgbà títí ìgbéraga fi tán nínú rẹ̀. Mo mu ún bí omi. Láti ọjọ́ tó ti jókòó nínú pálọ̀ wa, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mí.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tó ṣe. Ó dìde, ó ní ẹ̀mí orin náà ni kò fẹ́ kúrò, kí gbogbo wa gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹta, wọ́n pagbo yí rẹ́díò ẹ̀gbọ́n mi ká, wọ́n gbọ́wọ́ lé e, alàgbà sì da òróró ìyàsímímọ́ sínú rẹ̀ láti ojú ibi tí kásẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Odindi ìgò kan! Ọjọ́ méjì ni mo fi nu ún, pẹ̀lú òwú àti ọtí ìrèké, tí mò ń ṣépè. Ó fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì náà pé kí n lọ sun ún lẹ́yìn ilé ìjọ. Mo fi í pamọ́, ike òfo ni mo sun, òórùn rẹ̀ sì tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀san tí ẹni tí a san án fún kò mọ̀, ààbọ̀ ni. Oṣù kan lẹ́yìn náà, mo lọ bá a nídìí tábìlì rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ dáadáa. Mo ní, "Sà, èmi ni mo ṣe é. Bátìrì tó ti rẹ̀ ni mo lò, mo sì fi bébà dí irin inú ẹ̀rọ."

Ó wò mí pẹ̀lú àánú. Àánú o! Ó ní, "Ọmọ mi, má gba iṣẹ́ èṣù mọ́ra ẹ. Kí ni obìnrin mọ̀ nínú ẹ̀rọ?" Ó gbàdúrà fún mi, ó ní kí n máa lọ. Títí ó fi kú, kò gbà pé èmi ni. Ìyẹn ló ń jẹ mí lára jù, ó ju kásẹ́ẹ̀tì lọ.

Ìjà tún padà wọ ìgboro. A sá kọjá afárá, a wọnú ọgbà kan tí èèyàn ti há mọ́ra bí ẹja inú agolo. Mo di rẹ́díò mọ́ ẹ̀yìn bí ọmọ, mo ki kásẹ́ẹ̀tì sáyà. Ìgbẹ́ gbuuru wọ inú ọgbà náà, alàgbà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú. Wọ́n ní lópin, kò ní ohùn mọ́ láti fi béèrè omi. Nígbà tí a padà sí Vai Town, àwọn olè ti kó gbogbo ẹrù ilé ìjọ. Wọ́n fa gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tú, téèpù wọn lọ́ mọ́ àwọn òpó iná, ó ń dán nínú oòrùn. Gbogbo ìwàásù rẹ̀ ló wà lójú títì yẹn, a sì ń tẹ̀ wọ́n kọjá.

Ìyàwó alàgbà wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Màmá gbé àga fún un, kò jókòó.

"Wọ́n ní ọwọ́ ẹ ni ọ̀kan wà, èyí tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín."

Ó wà lẹ́nu mi láti sọ pé mo ti sun ún. Ọkọ rẹ̀ ló pàṣẹ pé kí n sun ún, ṣebí? Ìbá jẹ́ ìdájọ́ tó pé.

"Ohùn ọkọ mi ti ń sọnù mọ́ mi létí," ló ní. "Mo máa ń wá a, mi ò rí i."

Mo gbé rẹ́díò síta. Bátìrì tó dára ló wà nínú rẹ̀, ohùn òròmọdìẹ yẹn sì bọ́ sáàárín wa. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbọ́ ọ díẹ̀, ó mi orí. "Ọkọ mi kọ́ nìyẹn." Ó yí padà láti máa lọ.

Mo lè jẹ́ kó lọ. Mo fẹ́ jẹ́ kó lọ, n kò purọ́. Ìdí tí n kò fi jẹ́ kó lọ ni ẹrẹ̀ tó kúnlẹ̀ sí, àti ohun tí ọkọ rẹ̀ fi ẹrẹ̀ náà ṣe. Mo ní, "Ẹ dúró, mà." Mo kó bátìrì tó ti rẹ̀ wá láti inú agolo, mo dán wọn wò títí mo fi rí èyí tó bá a mu, mo pààrọ̀ wọn. Téèpù falẹ̀. Ohùn náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó nípọn, ó dé ibi tirẹ̀. Alàgbà wà nínú àgbàlá wa. Lábẹ́ rẹ̀, orin mi ń wọ́ ẹsẹ̀, ìlù rẹ̀ ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tráńpẹ́ẹ̀tì náà ti di ohun tó ń ké lókèèrè.

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó gbọ́ ọ dé ibi ohùn àrá.

"Irọ́ ló ń pa," ló ní. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Ó ń gbọ̀n."

"Mo mọ̀, mà."

"Kí ló ń dún lábẹ́ ẹ̀ yẹn?"

"Orin mi ni, mà. Èyí tí wọ́n ní kò ní dún mọ́."

"Ṣé o lè bá mi yọ ọ́ kúrò, kó ku òun nìkan?"

Mo ronú sí i, torí iṣẹ́ niṣẹ́. "Kò ṣeé yọ, mà. Wọ́n ti jọ wà níbẹ̀."

Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì náà. Mo fi èékánná ṣí púlásítà kúrò lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lè gba nǹkan kan sórí rẹ̀ mọ́ láé. Mo dì í mọ́ bátìrì mẹ́fà tó ti rẹ̀, mo ṣàlàyé fún un bí yóò ṣe máa lò wọ́n nínú rẹ́díò tirẹ̀, mo sì kó o lé e lọ́wọ́. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi ni. Nígbà yìí, èmi ni mo fún un.

N kò ní nǹkan kan mọ́ nínú orin yẹn, àfi èyí tó wà nínú orí mi. N kò dárí ji alàgbà. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí obìnrin yẹn bá fẹ́ gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, yóò gbọ́ gìtá mi lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní kò ní dún mọ́ nílé onígbàgbọ́ kankan. Ilé tirẹ̀ ló ti ń dún.